Wọ́n fi ìgúnpá tẹ ẹ̀yìn mi ní Ògo-Olúwa, ara mi ò sì gbà á

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe màsáàjì l'Óṣogbo, ẹ ka eléyìí tán kẹ́ ẹ tó sanwó. Apá Ògo-Olúwa ni ibi tí mo ti lọ ṣe é wà, mi ò ní dárúkọ wọn. Ibẹ̀ mọ́, jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́, ₦15,000 ni mo san.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, àtàárọ̀ dalẹ́ ni mò ń tẹ̀ba sórí máṣíìnì, àgàgà tí aṣọ ẹbí bá kúnlẹ̀, ọrùn àti èjìká mi sì ti le gan-an. Brọ̀dá tí wọ́n fún mi ò bi mí ní nǹkan kan. Kò béèrè bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò béèrè oògùn tí mò ń lò, ó da òróró sí mi lẹ́yìn, ó bá fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́. Mo ní "Ẹ rọra, ó ń dùn mí o." Ó ní "Mummy, ẹ fara dà á, kókó ló wà níbẹ̀, mo fẹ́ tú u ni." Mo pariwo, ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

Ká sòótọ́, nígbà tí mo dìde ara mi fúyẹ́, mo sì sùn wọra lóru yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàhálà dé. Mi ò lè gbọ́wọ́ ọ̀tún sókè wé gèlè. Mo gun ọ̀kadà láti Ọláìyá lọ sí Ọjà Ọba, gbogbo gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà ni mo mọ̀ lára.

Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ní "Ẹ má bínú mà, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ yín ló ń jáde, ẹ wá ṣe ẹ̀ẹ̀kejì, ìdajì owó lẹ máa san." Ìdọ̀tí wo? Wọ́n ṣe mí léṣe tán, wọ́n tún ní kí n wá fowó kún un! Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá wọn, ó ní ọ̀gá ò sí nítòsí. Mo tún pè, ó ní wọ́n ń jẹun. Mo tún pè, ó gé fóònù mọ́ mi létí. Inú bí mi débi pé mi ò lè ránṣọ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni nọ́mbà kan pè mí. Màmá tó ni ibẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. "Ẹ pẹ̀lẹ́ ìyá mi, ó mà ṣe o," lohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ, ọkàn mi bá rọ̀. Wọ́n wá ń bi mí: ṣé ọwọ́ ń kú tipiri? Ṣé ibì kan wú? Ṣé ìtọ̀ mi dúdú? Mo ní rárá. Wọ́n ní ká ní ọ̀kan nínú ẹ̀ wà níbẹ̀ ni, ọsibítù ni kí n máa lọ. Wọ́n ní kò sí ìdọ̀tí kankan tó ń jáde, iṣan tí wọ́n tẹ̀ jù ni, irú èyí tó máa ń ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ roko, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù kó tó máa rọlẹ̀.

Wọ́n ní kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, kí n ki táwẹ́ẹ̀lì bọ omi gbígbóná, kí n fún un, kí n gbé e lé èjìká fún ìṣẹ́jú 15, àmọ́ tí mo bá ti fi Aboniki pa á, kí n má gbé nǹkan gbígbóná lé e rárá, ó lè bó ara. Kí n máa rìn, kí n máa yí èjìká díẹ̀díẹ̀, kí n má kàn dùbúlẹ̀. Hóró parasitámọ́ọ̀ 500mg méjì ni kí n lò lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24, kí n má sì fọwọ́ kan diclofenac, oògùn ara ríro yẹn, torí ọ́lṣà mi. Àti pé kí ẹnikẹ́ni má tún tẹ ibẹ̀ títí ìrora náà á fi lọ. Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún pè lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn mo ti ń wé gèlè mi.

Mo ti padà síbẹ̀. Màmá fúnra wọn ló wọ́ mi lẹ́yìn, "Ṣé ó ti pọ̀ jù?" lẹ́nu wọn ṣáá. Wọn ò dá owó mi padà o, ọmọbìnrin yẹn ò sì kí mi dòní, brọ̀dá yẹn sì wà níbẹ̀ tó ń fi ìgúnpá gún ẹlòmíì.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ní Màmá lẹ fẹ́. Tí wọ́n bá ní wọn ò sí, ẹ máa lọlé yín.