Stethoscope mẹkáníìkì tó bá mi tú àṣírí lífítà

Ìró kan ń dún ta-ta-ta lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi tó ti dàgbà, kò sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mẹkáníìkì méjì ló gbọ́ ọ. Ọ̀kan ní lífítà ni, ìyẹn irin kékeré tó ń ti fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì) ṣí. Èkejì ní kí n lọ wá owó ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ọ̀rọ̀ wọn jìnnà síra jù, ni mo bá ra stethoscope mẹkáníìkì. Bíi ti dókítà ló rí, àmọ́ ọ̀pá irin gbọọrọ ló wà níbi tó yẹ kó kan àyà aláìsàn.

Ó ṣiṣẹ́, mo jẹ́rìí sí i. Mo fi ẹnu ọ̀pá náà kan ìdérí fáàfù, láti sílíńdà kìíní dé ìkẹrin. Nígbà tí mo dé ìkẹta, ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù kékeré lu irin sí mi létí. Mo gbé e sórí àwọn injector tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì: ìró tiwọn tínrín, ó sì rọra ń dún. Mo gbé e sí ìsàlẹ̀, níbi tí bíárìn tó ti jẹ ti máa ń kan pẹ̀lú ohùn tó wúwo: ibẹ̀ dákẹ́. Mo mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ariwo wà nìkan ni stethoscope yìí lè sọ. Kò lè sọ ohun tó fà á. Ọ́ìlì ló ń ti lífítà kún kí àyè má baà wà láàárín rẹ̀ àti fáàfù. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́. Bó bá pọ̀ jù, crankshaft, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á máa pò ó títí á fi hó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì lè gbé lífítà ró. Tèmi wà ní ìwọ̀n, géèjì sì fi hàn pé agbára ọ́ìlì dára. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, ariwo ò lọ, kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná.

A tú u. Mo fi àtàǹpàkò tẹ lífítà méjèèjì ti sílíńdà kẹta. Ọ̀kan le gbagidi. Èkejì rọ̀ wọlé bíi fóòmù. Òun nìyẹn.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn nípa stethoscope náà: ó máa ń dun etí, okùn rọ́bà rẹ̀ sì kúrú, tó fi jẹ́ pé orí ẹni á sún mọ́ fáànù àti bẹ́líìtì jù. Ẹ ká apá aṣọ yín, ẹ di irun yín. Bó bá jẹ́ èéfín tó ń jò lẹ ń wá, ẹ yọ ọ̀pá irin kúrò, kí ẹ fi rọ́bà nìkan gbọ́ ọ.

Bí ariwo ti yín bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní òwúrọ̀, tó sì dákẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ́ìlì tó ti sọ̀ kalẹ̀ lóru ló ń padà gòkè.