Ọ̀kadà yìnyín kejì tí a rà
Ẹ̀yin ará wa ní Minnesota, a ti ra snowmobile kejì o, torí ìyàwó mi ní òun ò jókòó sẹ́yìn mi mọ́. Polaris Indy 550 la mú, ìlú Roseau ní Minnesota níbí náà ni wọ́n ti ṣe é, fáànù ló ń tu ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Omi ló ń tu ti àkọ́kọ́, yìnyín tó ń ta sí i lábẹ́ ló sì ń tu omi náà; tójú ọ̀nà bá ti le gbagidi tí yìnyín ò ta sí i lábẹ́, kíá ló ti gbóná, iná pupa á tàn, màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bu yìnyín sí i bí ẹni ń bu gàrí. Lóòótọ́ ẹ́ńjìnnì fáànù máa ń pariwo, kò sì sáré tó olómi, àmọ́ 50 máìlì ní wákàtí kan ni òfin fàyè gbà níbí, eré kí la tún fẹ́ sá? Ṣùgbọ́n ìyàwó ti gba tuntun, èmi ṣì ni mò ń bu yìnyín.