Àpò ìgbẹ́ ẹlẹ́yọ kan tí wọ́n ń tà ní Ìlọrin: ta ló bá mu, ta ni kò bá mu

Àpò onírọ́bà aláwọ̀ ara tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ikùn láti gba ìgbẹ́ ni; gọ́ọ̀mù ti wà lẹ́yìn rẹ̀, òun àti àpò kò ṣeé yà (ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ẹlẹ́yọ kan), ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kílíìpù gígùn kan ni wọ́n sì fi ń dé e. Ẹni tí dókítà fa ìfun rẹ̀ jáde sí ara ikùn, yálà ní UITH (ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin) ní Òkè-Oyì tàbí níbòmíràn, irú èyí ni àwọn ará ilé rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ rà, torí pé owó rẹ̀ rọjú.

Tó bá jẹ́ ìfun ńlá ni wọ́n fà jáde, ìgbẹ́ á ki díẹ̀, àpò yìí sì tó o. Tó bá jẹ́ ìfun kékeré, ẹ má rà á. Omi ló máa ń jáde níbẹ̀, kì í dáwọ́ dúró, oje tí ń da oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀ tí ń bó awọ ara. Gọ́ọ̀mù tínrín yìí kì í pẹ́ yọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́yọ méjì ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá: àwo rẹ̀, ìyẹn apá tó ní gọ́ọ̀mù, á wà lára fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àpò nìkan ni wọ́n á máa yọ. Ó wọ́n, a mọ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú awọ tó ti bó náà ń náni lówó. Tí omi tó ń jáde bá ju lítà kan ààbọ̀ lọ lójúmọ́, tí ẹnu ń gbẹ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àpò. Ẹ fún un ní ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà), kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà.

Ihò gígé ni wàhálà pọ̀ sí jù. Wọ́n ti tẹ àwọn òbírí tó ní nọ́ńbà sórí bébà ẹ̀yìn gọ́ọ̀mù. Ẹ wọn bí ojú ìfun (ẹnu ìfun tó yọ sí ara ikùn) ṣe fẹ̀ tó, ẹ fi mílímítà 2 sí 3 kún un, kí ẹ tó gé e. Tó bá tóbi jù, ìgbẹ́ á máa jẹ awọ ara. Tó bá fún jù, etí gọ́ọ̀mù á máa ha ìfun, aláìsàn kò sì ní mọ̀, torí ojú ìfun kì í mọ ìrora. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń nù ún kò léwu. Ojú ìfun gbọ́dọ̀ pọ́n bí inú ẹnu. Tó bá ń dúdú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ojú ìfun tún máa ń súnkì fún bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí náà ẹ má gé gbogbo páálí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àárọ̀ kùtù, kí aláìsàn tó jẹun, ló dára jù láti pààrọ̀ rẹ̀. Omi lọ́wọ́ọ́rọ́ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Kò sí Dettol níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi òrí pa á, bó ti wù kí ìyá àgbà rọ̀ yín tó: gọ́ọ̀mù kì í mú ara tó lọ́ràá. Ẹ jẹ́ kí ara gbẹ. Ẹ há gọ́ọ̀mù mọ́ abíyá fún ìṣẹ́jú kan sí méjì láì tíì bó bébà rẹ̀, kó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ká ìdí àpò lẹ́ẹ̀kan péré sórí ọ̀pá kílíìpù kí ẹ tó dé e. Àká-méjì ló ń ṣẹ́ kílíìpù, kílíìpù kì í sì í pọ̀ nínú páálí. Ahun ni àwọn tó ń ṣe é.

Oṣù kẹta sí ìkẹrin ni ìdánwò rẹ̀ ní Ìlọrin. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní aṣọ, òógùn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn, á sì máa yúnni. Kí télọ̀ fi aṣọ òwú rán ìbòrí kan fún un. Ẹ má fi páálí sínú mọ́tò tàbí yàrá tí páànù rẹ̀ kò ní síìlìn.

Kò ní asẹ́ tí ń yọ afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ̀wà alẹ́ á wú u. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ ti ṣí kílíìpù rẹ̀; ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, á máa rùn, á sì máa jò. Ẹ dà á nù nígbà tó bá kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta, torí ìwúwo ló ń fa gọ́ọ̀mù ya. Ẹni tó fẹ́ kírun, kó dà á nù ṣáájú àlùwàlá, ìforíkanlẹ̀ kò ní já a. Ti bóyá àlùwàlá ṣì wà, ààfáà ni kí ẹ bi.

Àwọn kan ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a, wọ́n wá ń fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ padà. Gọ́ọ̀mù tó ti mu omi kò ní mú mọ́, awọ ara á sì bó.

Ẹni tó ń gbé e lọ sí Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán, kó rà á tó oṣù kan, kó wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí, kó sì ka kílíìpù inú rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á.