Ìdè sítíárìn tó bo gbogbo sítíárìn: ṣé ó tó fún ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé?

Ìdè tí mò ń sọ kì í ṣe ọ̀pá kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń gbé dábùú sítíárìn. Irin aláwọ̀ ìyeyè tó nípọn ni, ó là sí méjì bí igbá. Ẹ ó kó o bo sítíárìn, ẹ ó pa á dé, ẹ ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Inú Fiat Ducato tí wọ́n sọ di ilé ni mo ti ń lò ó ní Bìrìtéènì. Ọmọ ìyá kan náà ni Ducato, Peugeot Boxer àti Citroën Relay, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn náà. Nínú gbogbo ohun tí mo rà láti fi dí olè lọ́nà, òun ni mo ṣì máa kọ́kọ́ rà. Àmọ́ òun nìkan ò tó, ó sì láwọn ìwà kan tó ń bíni nínú.

Ẹ gbàgbé ọ̀pá lásán. Irin tín-ín-rín tí wọ́n fi fóòmù àti awọ bò ni etí sítíárìn. Olè kì í bá ọ̀pá jà rárá. Sítíárìn gan-an ló máa fi ayùn gé, á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á yọ ọ̀pá, á lọ. Èyí tó bo gbogbo rẹ̀ kò fi ibi tí ayùn máa gbà sílẹ̀, bí wọ́n bá sì gbá a mú láti fi yí sítíárìn, ìdè á kàn máa yí lófìfo ni, táyà ò ní yà. Ẹ̀rọ agérin oníbátìrì lè gé e o, ẹ má jẹ́ kí ontajà tàn yín, ṣùgbọ́n ariwo àti iná tó ń ta pàràpàrà kì í ṣe ohun tí olè ń wá.

Ìwọ̀n ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fi owó ṣòfò. Kékeré, àárín àti ńlá ni wọ́n máa ń ṣe. Ẹ fi téèpù wọn sítíárìn láti etí òde kan dé èkejì kí ẹ tó sanwó. Bó bá fẹ̀ jù, àyè á wà láti ti irin bọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá fún jù, ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa bá a jà.

Ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè yẹn ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́, torí olè tó bá yọjú wo inú ọkọ̀ tó sì rí i lè kọjá síwájú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi aṣọ onífádákà dí gíláàsì iwájú nítorí òtútù, ta ló máa rí i? Nígbà tí ẹ bá ń jáde, ẹ ká etí aṣọ náà lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Bí àga awakọ̀ bá jẹ́ irú tó ń yí sẹ́yìn, ẹ yí i kí ẹ tó ti ìdè, torí apá ìdè tó yọ síta lè dí àga lọ́nà. Èyí tó kan ìrì ńkọ́? Oúnjẹ tí à ń sè àti èémí òru máa ń mú kí irin lómi, omi á wọ ihò kọ́kọ́rọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ má da òróró ẹ́ńjìnnì sí i, eruku ló máa fà mọ́ra. Lúbúlúbú gíráfáìtì díẹ̀ ti tó. Ó tún wúwo: bí ẹ bá ń wakọ̀, ilẹ̀ ẹ̀yìn àga ni kó wà, kí ẹ so ó mọ́lẹ̀, torí bíréèkì òjijì lè sọ ọ́ di òkò. Ẹ dánra wò nínú òkùnkùn bí ẹ ṣe máa ṣí i, bóyá ó máa yá láti kúrò níbì kan lóru.

Ìdí tí mo fi fi irin ṣáájú ẹ̀rọ oníná ni pé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì Ducato wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Olè tó mọṣẹ́ á yọ tiyín, á fi èyí tó gbé wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì á dún. Wọ́n ń ta àpótí irin tí wọ́n fi ń bò ó, tó ní bóòtù tí orí rẹ̀ máa ń kán dànù bí ẹ bá ti fún un tán. Ẹ rà á. Ẹ̀rọ tó ń béèrè nọ́ńbà àṣírí kí ọkọ̀ tó lè lọ náà dára, àmọ́ ó wọ́n, ó sì fẹ́ rewáyà tó mọ̀ ọ́n so. Ẹ yọ ìdè kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà, torí abẹ́ irin ni bọ́tìnnì orí sítíárìn tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ máa wà. Bí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì, ipò àtúnṣe ni kí ẹ fi ẹ̀rọ náà sí, ẹ má sọ nọ́ńbà fún un. Kí ẹ sì bi iléeṣẹ́ ìbánigbófò yín léèrè ìpele Thatcham (àjọ tó ń dán ohun ìdènà olè ọkọ̀ wò ní Bìrìtéènì) tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ní ti ilẹ̀kùn, ìtìpa tí kọ́kọ́rọ́ nìkan ń ṣí kò yẹ níbi tí èèyàn ń sùn. Gáàsì wà nínú ọkọ̀. Bí iná bá sọ, ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ lè ṣí i látinú láìwá kọ́kọ́rọ́. Fún ilẹ̀kùn iwájú, ẹ fa bẹ́líìtì àga gba inú ìmú ilẹ̀kùn kí ẹ tó kì í bọ ojú ibi tí ẹ ti ń dè é. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ kan ìdábùú sí ilẹ̀kùn yàrá, irin pẹlẹbẹ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ògiri láti inú, kí bóòtù gba àárín kọjá; fóòmù ló wà nínú ògiri ọ̀pọ̀ motorhome (ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ yàrá sí lórí), ṣúkúrúù lásán á fà tu.

Ẹ̀rọ atọpasẹ̀ kì í dá olè dúró, ó kàn ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà ni. Èyí tó ń fa 20 mílíámpù máa jẹ nǹkan bí 14 Ah (ìwọ̀n agbára bátìrì) ní 30 ọjọ́, nítorí náà bátìrì yàrá ọkọ̀ tí oòrùn ń gba agbára fún ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Aláàmù tó ń mọ ìrìn inú ọkọ̀ kò ṣeé lò bí ẹ bá wà nínú rẹ̀. Ẹ ra èyí tó lè ṣọ́ ilẹ̀kùn nìkan.

Kọ́kọ́rọ́ kejì àti V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ní Bìrìtéènì, kò gbọ́dọ̀ sí nínú ọkọ̀. Ẹ fún ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó ní ilé gidi tó dúró sójú kan kó bá yín tọ́jú wọn.