Àpótí tó dí pa tàbí àpótí oníhò: èwo la fẹ́ kàn fún subwoofer (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn béèsì jáde) ọkọ̀?

Ní ti owó, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: àpótí oníhò ń jẹ pákó ju èyí tó dí pa lọ, ó sì ń gba àyè nínú búùtù. Èyí tó dí pa rọ káfíńtà lọ́rùn. Àṣìṣe díẹ̀ nínú ìwọ̀n rẹ̀ kì í ba ohùn jẹ́ púpọ̀. Oníhò kò gba àṣìṣe, torí gígùn àti fífẹ̀ ihò ló ń pinnu ibi tí béèsì ti máa dún jù.

Nínú èyí tó dí pa, ohùn gìtá béèsì orin jùjú máa ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kedere. Oníhò ń dún sókè jù ú lọ lórí amplifier kan náà.

Ewu ni mo fẹ́ ká dúró lé. Afẹ́fẹ́ inú àpótí tó dí pa ló ń di kóònù (ojú subwoofer tó ń mì) mú kó má fò kọjá ààlà. Nínú oníhò, bí ohùn béèsì bá ti jinlẹ̀ kọjá ibi tí a wọn ihò sí, kò sí ohun tó ń dì í mú mọ́. Subwoofer lè bàjẹ́ pátápátá. Àsẹ́ subsonic, tó ń dí ohùn tó jinlẹ̀ jù, ló ń gbà á là: bí a bá wọn ihò sí 35 Hz (Hz ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe jinlẹ̀ tàbí tín-ín-rín tó), ẹ gbé àsẹ́ náà sí nǹkan bí 30 Hz. Àpótí méjèèjì ló nílò àsẹ́ low-pass, tó ń jẹ́ kí béèsì nìkan kọjá. 80 Hz ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí n tó fi etí tún un ṣe.

Bí búùtù bá kéré, tàbí tí amplifier yín kò ní subsonic, èyí tó dí pa ló bá yín mu. Bí àyè bá wà, tí ẹ sì fẹ́ béèsì tó ń mi ọkọ̀ tìtì, ẹ kan oníhò.