Iṣẹ́ rewáyà ọ̀kadà kan ní Ìlọrin: bí wọ́n ṣe pààrọ̀ fíùsì Honda CB175 mi

Ṣọ́ọ̀bù rewáyà kan wà nítòsí Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ṣì ń gun alùpùpù àtijọ́ mọ̀. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè rewáyà àwọn ọ̀kadà àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, wọn yóò júwe rẹ̀ fún yín. Rewáyà ibẹ̀ ló bá mi yọ fíùsì onígíláàsì tó wà lára Honda CB175 mi, tó sì fi àpótí fíùsì oníhò mẹ́rin rọ́pò rẹ̀.

Honda CB175 ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 máa ń lo bátìrì fólítì 12, bátìrì yìí kan náà ló sì ń fún kọ́ìlì ní iná tí púlọ́ọ̀gì fi ń tàn. Fíùsì kan ṣoṣo, ti ámpù 15, ló dúró láàárín bátìrì àti gbogbo ohun tó ń lo iná lára rẹ̀. Nítorí náà, bí wáyà tíráfíkétọ̀ kan bá bó, tó sì fara kan irin, tíráfíkétọ̀ nìkan kọ́ ló máa kú. Iná iwájú á kú, iná ẹ̀yìn á kú, ẹ́ńjìnnì náà á sì kú, ẹni tó bá ń gùn ún bọ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo lóru á wá bá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri, nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ọkùnrin náà tó tú ohunkóhun, ó yọ fíùsì tó ti kú náà, ó sì gbé e sókè sí oòrùn kí n lè wò ó. Okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ kò já láàárín, bó ṣe máa ń já nígbà tí iná bá pọ̀ jù. Ìdí rẹ̀ ló ti yọ́, níbi tí òjé (lẹ́ẹ̀dì) ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí irin. Ó wá fi hàn mí pé irin tó gbá fíùsì náà mú ti hu ohun aláwọ̀ ewé, kò sì fún mọ́. Ibẹ̀ gan-an ló ń gbóná. Mítà rẹ̀ jẹ́rìí sí i: fólítì 12.4 wà lẹ́nu bátìrì, àmọ́ 11.1 péré ló ń dé kọ́ìlì.

Mo bi í léèrè bóyá fíùsì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ kò ní dára. Ó fèsì pé, "Bàbá, bí a bá fi ámpù 30 sí i, kò ní tètè já lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà yín ni yóò kọ́kọ́ jó." Òótọ́ tó yẹ kí gbogbo rewáyà máa sọ nìyẹn, nítorí pé wáyà ni fíùsì ń dáàbò bò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ẹyọ okùn wáyà kan, tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá, ni wọ́n á wé mọ́ fíùsì tó ti jó, ọ̀kadà á sì máa lọ, títí di ọjọ́ tí wáyà tó gba abẹ́ táńkì epo kọjá yóò di fíùsì fúnra rẹ̀. Ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ láti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára ohun tí àwọn ènìyàn ti tọ́jú láti àádọ́ta ọdún.

Ara páálí kan ló ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Gílóòbù iwájú jẹ́ wáàtì 35. Bí a bá fi fólítì 12 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ámpù 3. Tíráfíkétọ̀ méjì tó ń tàn pọ̀, wáàtì 21 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń jẹ ámpù mẹ́ta àti ààbọ̀. Lẹ́yìn èyí, ó gé wáyà dúdú, èyí tí iná ń gbà jáde láti súwíìṣì kọ́kọ́rọ́ lára Honda, ó sì pín in sí ọ̀nà mẹ́rin nínú àpótí náà: ámpù 7.5 fún kọ́ìlì, 7.5 fún iná iwájú, 5 fún iná ẹ̀yìn àti bíréèkì, 10 fún fèrè àti tíráfíkétọ̀. Ó fi 15 sílẹ̀ bíi fíùsì àgbà nítòsí bátìrì. Fíùsì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ ni gbogbo wọn, irú èyí tó wà nínú mọ́tò, tí àwọ̀ rẹ̀ ń sọ ìwọ̀n rẹ̀: 10 pupa, 15 búlúù, 20 yẹ́lò. Nígbà tó parí, 12.1 ló ń dé kọ́ìlì.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ó kọ àwọn fíùsì olówó pọ́ọ́kú tí mo rà wá. Ó mú ẹyọ kan, ti ámpù 10, ó fi wáyà so ó mọ́ ẹnu méjèèjì bátìrì, fíùsì náà sì pọ́n bí ẹ̀yinná, kò já, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó já lójú ẹsẹ̀. Ó ju ìyókù sínú garawa pàǹtírí.

Ibi tó kù sí ni àwọn oríkèé wáyà. Téèpù dúdú ló wé mọ́ wọn, ooru ẹ́ńjìnnì yóò sì tú u láìpẹ́. Mo ní kó lo rọ́bà tí ń súnkì bí iná bá kàn án, ó sì tún un ṣe láìjanpata, àmọ́ èmi ni mo san owó rọ́bà náà. Ìdérí àpótí náà kò fún dáadáa tó fún òjò, nítorí náà abẹ́ àga ni ó yẹ kó wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ náà pẹ́ ju bó ṣe ṣèlérí lọ.

₦18,000 ni mo san, àpótí àti fíùsì wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò gba iye tó kéré sí èyí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó ń fi mítà wọn iná kó tó fọwọ́ kan wáyà. Bí ó bá jẹ́ alùpùpù fólítì 6 lẹ fẹ́ gbé lọ, ẹ tètè sọ fún un, nítorí pé gílóòbù wáàtì 35 kan náà yóò jẹ tó ámpù 6 níbẹ̀, ìwọ̀n fíùsì àti wáyà yóò sì yàtọ̀.