Ìròyìn Àṣìṣe àbí Àkọsílẹ̀ Aláìsàn: Èwo Ló Ń Dín Ewu Iṣẹ́ Abẹ Kù Jù?

Ọ̀nà méjì ni ilé ìwòsàn lè fi mọ ibi tí ewu wà. Ọ̀kan ni kí òṣìṣẹ́ tí àṣìṣe ṣojú rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì ni kí wọ́n máa kó àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún jọ: bí ara wọn ṣe rí tẹ́lẹ̀, àti ohun tó dé bá wọn lẹ́yìn rẹ̀.

Ìròyìn òṣìṣẹ́ máa ń sọ ìdí. Nọ́ọ̀sì lè sọ pé ìgò oògùn méjì ló jọra. Ìyẹn kì í hàn nínú ònkà. Àmọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù ìyà kò ní kọ nǹkan kan.

Àkọsílẹ̀ kò dúró de ẹni tó láyà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé ìwòsàn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, NSQIP (ètò orílẹ̀-èdè fún mímú iṣẹ́ abẹ sunwọ̀n sí i), ní 1994. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fi ń tọpa aláìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí ọ̀pọ̀ egbò ló jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti ń kẹ̀. Wọ́n tún ń ro ọjọ́ orí àti àìsàn tó ti wà lára mọ́ ọn, kí ilé ìwòsàn tó ń gba àwọn tí àìsàn wọn le jù má baà dà bí èyí tí kò mọṣẹ́. Èyí ṣe pàtàkì sí mi gan-an. Àmọ́ owó àkọsílẹ̀ yìí ló pọ̀.

Bí agbára bá ká ẹyọ kan ṣoṣo, àkọsílẹ̀ ni màá mú fún iṣẹ́ abẹ. Fún yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le, ìròyìn òṣìṣẹ́ ni màá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.